Ta ló ni ilé-ìwé abúlé? Ibi tí òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ ti kan tíṣà àtọmọ wa

Ìlà ṣọ́ọ̀kì kan là bọ́ọ̀dù náà sí méjì látòkè délẹ̀. Ìṣirò kíláàsì kẹta wà lápá òsì, ti kíláàsì kẹrin wà lápá ọ̀tún. Tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ kíláàsì méjèèjì nínú yàrá kan. Bó bá ti fún àwọn ọmọ apá òsì níṣẹ́ ṣe, á sún sápá ọ̀tún, á máa kọ́ àwọn yẹn títí ariwo á fi sọ lápá òsì, á tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí abúlé yẹn láàárín ọdún méjì. Kò sígbà tí mo dé ibẹ̀ tí ìlà yẹn ò sí lára bọ́ọ̀dù.

Kíláàsì mẹ́fà ni ilé-ìwé náà ní, tíṣà mẹ́ta ló sì ní. Ọ̀gá ilé-ìwé wà lára àwọn mẹ́ta ọ̀hún. Ọ̀gá náà fúnra wọn ni wọ́n ń kọ́ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà, àwọn ni wọ́n ń pe rẹ́jístà, àwọn náà ni wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá pe ìpàdé. Lọ́jọ́ tí ìpàdé bá wà, kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà á kàn máa ṣeré lábẹ́ igi máńgòrò títí aago yóò fi lù.

Mo bi ọ̀gá ilé-ìwé náà pé, "Sà, ta lọ̀gá tiyín gan-an?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi pọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí òrùlé yìí bá ń jò, mi ò mọ èyí tí màá ké sí nínú wọn."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn gómìnà ò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, pé kí owó náà máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní tààràtà, àti pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn nìkan ló gbọ́dọ̀ máa ṣàkóso ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn jó, wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé àyà wọn ń já. Ẹgbẹ́ wọn, NUT, ti ń pariwo tipẹ́ kí ẹjọ́ yẹn tó wáyé pé àwọn ò fẹ́ kí owó oṣù àwọn bọ́ sọ́wọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń darí ilé-ìwé wọ̀nyí, tí kò sì rántí ohun tójú rí sẹ́yìn, kò ní mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Bó ṣe rí rèé. Lókè pátápátá, ní Abúja, àjọ UBEC tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ló wà níbẹ̀, òfin ètò-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti ọdún 2004 ló sì fún un lágbára. Òfin yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ọdún kẹta girama. Ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló wà níbẹ̀. Òun ló ń gba tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síṣẹ́, òun ló ń gbé wọn láti ibì kan sí ibòmíràn, òun ló ń gbé wọn ga lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì lè dá wọn dúró. Ní ìjọba ìbílẹ̀, ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ wà tí wọ́n ń pè ní LGUBEA, ibòmíràn ń pè é ní LGEA, Education Secretary ló sì jẹ́ olórí ibẹ̀. Fáìlì gbogbo tíṣà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń lọ bẹ ilé-ìwé wò wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ló kan ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, PTA, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní SBMC, níbi tí baálẹ̀, àwọn ìyá, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àtàwọn tó ti ṣe ilé-ìwé náà rí yẹ kó ti máa jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀.

Kò sí láburú nínú ètò yẹn lórí ìwé. Ibi tó ti wọ́ ni ibi tí owó ń gbà. Inú owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde. Nínú àpò àpapọ̀ tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ alága. Nítorí náà, ẹni tówó rẹ̀ ń san owó oṣù kọ́ ló gba tíṣà síṣẹ́. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, kò lè mọ̀ bóyá tíṣà náà dé kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbani, kò lè dáni dúró, ohun tó lè ṣe kò ju kó kọ lẹ́tà lọ. Ìyá tó bímọ, tó ń rí ọmọ rẹ̀ tó ń tètè padà wálé lójoojúmọ́, mọ̀ ju gbogbo wọn lọ, kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹjọ́ sùn tí nǹkan máa yí padà.

Owó tí UBEC ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ tó lè gba ìpín rẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ kó iye kan náà kalẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí kò bá kó tirẹ̀ kalẹ̀, owó rẹ̀ á máa wà ní Abúja. Lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ ọ pé bílíọ̀nù náírà ń bẹ níbẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ò lọ gbà, tí àwọn ọmọ sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbà á, ilé kíkọ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwé kíkà àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ tíṣà ló ń pín ìyókù. Kò sí owó oṣù nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi ń rí búlọ́ọ̀kì tuntun láàárín oko, tí wọ́n kun ọ̀dà sí, tí wọ́n kọ UBEC/SUBEB gàdàgbà sára rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, tí kò sì sí tíṣà nínú rẹ̀. Abúlé tí mo ń wí yìí ní irú rẹ̀. Yàrá mẹ́ta ni. Wọ́n ń lo méjì. Wọ́n ti ìkẹta pa, àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Ta ló ń ra ṣọ́ọ̀kì? Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ fún ìnáwó kéékèèké kì í tètè dé, bó bá sì dé kì í tó ra nǹkan. Ìjọba ti ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́, nítorí náà ọ̀gá tó bá ní kí òbí mú igba náírà wá fún pátákó wíńdò lè rí ìwé "ṣàlàyé ara rẹ" gbà. Àwọn òbí náà á sì bi í pé, "Ṣebí ìjọba ní ọ̀fẹ́ ni?" Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Òfin 2004 yẹn kan náà ló ní òbí tó bá kọ̀ láti rán ọmọ lọ sílé-ìwé lè san 2,000 náírà owó ìtanràn tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan nígbà tó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò tíì gbọ́ òbí kan rí tí wọ́n torí ẹ̀ gbé lọ sílé-ẹjọ́ ní àdúgbò wa. Òfin kan náà ò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìjọba tó rán ọmọ lọ sílé-ìwé tí kò rán tíṣà lọ bá a.

Kì í ṣe báyìí ló ṣe wà látilẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn ilé-ìwé abúlé wa. Ọ̀pọ̀ ṣì ń jẹ́ L.A. Primary School, ní àyíká Ìbàdàn ẹ ó rí I.D.C. Àwọn káńsù ayé ijọ́un ló fi orúkọ yẹn sílẹ̀: L.A. ni aláṣẹ ìbílẹ̀, I.D.C. ni Káńsù Agbègbè Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 800,000. Àwọn ìjọ oníwàásù ní ilé-ìwé tiwọn, káńsù ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ abúlé sì po amọ̀ fúnra wọn, wọ́n mọ ògiri, wọ́n já koríko bò ó. Baba tó gbé ìpìlẹ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ ara rẹ̀ kì í wo ibẹ̀ kó máa jẹrà.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn sì ní owó tí wọ́n san fún un. Ìjọba bu ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lé àgbàlagbà lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ó sì bí àwọn ará oko nínú débi pé ó wà lára ohun tí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fi pàdánù ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954 ní ẹkùn tiwọn gan-an. Mo fẹ́ ká ronú sí i. Ará oko ìgbà yẹn mọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun, ó mọ ẹni tó gbà á, ó sì mọ bí òun ṣe lè fi ìbò bá a wí. Lónìí, owó epo rọ̀bì ló ń bọ̀ láti Abúja, kò sí ará abúlé tó mọ iye tó jẹ́ ti ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù ba tíṣà wáyé ní 1991. Ìjọba ológun fòfin gbé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Láàárín ọdún méjì, ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń lọ oṣù lé oṣù láìrí owó gbà, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ilé-ìwé wà ní títì. Àwọn tíṣà tó dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì báyìí ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni tí ebi ogun pa: àwọn tó ń gún iyán tà, àwọn tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó fi bírò sílẹ̀ pátápátá. Ní 1993, ìjọba tún gbé e padà, wọ́n dá àjọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó oṣù tíṣà kó tó dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kó wo Abúja lọ́dún 2025. Káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níbẹ̀ ò san owó oṣù tuntun tó kéré jù, 70,000 náírà, fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù Kẹta, ilé-ìwé ìjọba ò sì ṣí fún bí oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ olówó ń lọ sílé-ìwé aládàáni lójú títì kan náà.

Owó nìkan kọ́ ló lé tíṣà kúrò lábúlé o. Ẹ bá tíṣà obìnrin kan tí wọ́n gbé lọ síbi tí ọ̀dà títì ti parí ṣírò. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọ̀kadà ti di ohun tí ń mú orí ẹni gbóná. Kò sí ilé tíṣà lábúlé. Bó bá gba yàrá, kò sí iná, kò sí ilé ìwòsàn fún ọmọ tirẹ̀. Nígbà tó bá yá, á máa dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á sì ti padà sílé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bó bá rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ lókè, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú ńlá, níbi tí tíṣà mẹ́rin ti ń wo ara wọn nínú ọ́fíìsì kan. Ìlànà ètò-ẹ̀kọ́ wa ní kí tíṣà kan máa kọ́ ọmọ 35 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi iye ọmọ nìkan ṣírò, ọmọ 70 péré ló wà ní ilé-ìwé tí mo ń sọ yìí, tíṣà mẹ́ta ti pọ̀ jù lójú ìwé! Wọn ò ka kíláàsì mẹ́fà mọ́ ọn. Ìṣirò yẹn gan-an ló ń pa ilé-ìwé kékeré.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé tíṣà tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko yóò máa gba àjẹmọ́nú pàtàkì, pé ọdún ìfẹ̀yìntì yóò sì kúrò ní 60 di 65. Òfin lórí ọdún ìfẹ̀yìntì jáde ní 2022. Àjẹmọ́nú ìgbèríko ní tirẹ̀, ẹ lọ bi tíṣà tó wà lóko.

Kí ni gbogbo èyí wá bí? UNICEF sọ ọ́ ní 2022 pé mẹ́ta nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó wà láàárín ọdún méje sí mẹ́rìnlá ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kí ó yé e, tàbí kó ṣe ìṣirò tí kò le. Èyí kan tìlú toko. Lóko ó tún burú, torí ọjọ́ ọjà wà, ìgbà ìkórè wà. Rẹ́jístà tí mo wò ní abúlé yẹn, bí ẹni fi rúlà fa ìlà ni: ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún tí ọjà bá ná, òdo pọ̀ níwájú orúkọ àwọn ọmọbìnrin. Kò sẹ́ni tó ní ká yí tááìmù-tébù padà torí ọjọ́ ọjà, torí pé olú-ìlú ni kàlẹ́ńdà ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ èdè náà bá a mu. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi odidi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Yorùbá, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò-ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Tíṣà abúlé ń fi Yorùbá ṣàlàyé kí ìkéde àkọ́kọ́ tó dé, Yorùbá náà ló ṣì ń fi ṣàlàyé báyìí, torí bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe é, á máa bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Ó dùn mí pé ohun tó ń ṣe dáadáa, bí ẹni ń jalè ni wọ́n ní kó máa ṣe é.

Àwọn kan ní ká pa àwọn ilé-ìwé kéékèèké pọ̀. Tíṣà á pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa mú ọmọ ọdún mẹ́fà rin kìlómítà márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀, láàárín igbó? Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àtàwọn tíṣà gbé nínú bọ́ọ̀sì wọn ní Èmùré-Èkìtì, inú ọkọ̀ ni wọ́n wà. Ti ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn ńkọ́?

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, ìjọba kékeré kan ló dá dúró fún ilé-ìwé nìkan. Àwọn ará àdúgbò ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ rẹ̀, ìgbìmọ̀ ló ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, gbangba ni wọ́n ti ń ka ìṣúná owó sétí ará ìlú, apá kan owó náà sì ń wá látinú owó orí ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n ń san. Òun náà ní àbùkù tirẹ̀: ibi tí ilẹ̀ ò bá ti níye lórí, owó ilé-ìwé á kéré. Wọ́n sì ti pa púpọ̀ pọ̀. Irú ìjọba ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ju 117,000 lọ ní 1940, kò ju nǹkan bí 13,000 lọ mọ́ báyìí, ọ̀pọ̀ abúlé ló sì sunkún ilé-ìwé tó lọ. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ń jò níbẹ̀, ìyá ọmọ mọ orúkọ ẹni tó máa lọ bá, ó sì mọ ọjọ́ tí ìbò máa dé bá onítọ̀hún.

Ohun tí mo rò nìyí nípa ìdájọ́ 2024. Kí owó oṣù tíṣà máa jáde kó tó dé ọwọ́ alága, bó ṣe ń jáde báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1991 àti ní Abúja ti tó. Àmọ́ kí agbára lórí tíṣà sún mọ́ ilé-ìwé. Kí wọ́n gba tíṣà fún ilé-ìwé kan pàtó, kó jẹ́ pé ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n sì wo àwọn ọmọ àdúgbò tó ní NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, kí wọ́n tó wo ẹlòmíràn. Nínú abúlé yẹn, ọmọbìnrin kan wà tó ti gba NCE rẹ̀, tó ń ran aṣọ lójúde bàbá rẹ̀. Bí owó bá wá dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lóòótọ́, kí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wá jókòó nínú ìpàdé SBMC, kó ka iye tó wà fún ilé-ìwé náà jáde lédè Yorùbá, kí baálẹ̀ àtàwọn ìyá gbọ́. Kò béèrè òfin tuntun kankan.

Oṣù Kejìlá ni ọ̀gá ilé-ìwé yẹn máa fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀wé pé kí wọ́n tètè fi tíṣà ránṣẹ́. Wọ́n fi ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì hàn mí nínú fáìlì, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì tó gbà wọ́n wà lórí wọn. Èsì ò tíì dé. Tíṣà kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ti ń múra sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní òun ti fi rúlà wọn bọ́ọ̀dù náà, pé ó fẹ̀ tó láti fa ìlà méjì sí i.